Àgbọ̀n Àlàájì Mùsílíù

Dìran ayàwòrán mọ̀ pé àìsàn yìí kò ní fi òun sílẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1986, ó ránṣẹ́ pe Jùbrílù aláṣọ láti Ìtòkú wá sílé rẹ̀ ní Ṣàpọ́n.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ara ń kọ́?"

"Jùbrílù, ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó di."

Lọ́dún 1979 ni Jùbrílù gbé fótò kan ṣoṣo tó kù ti bàbá rẹ̀, Àlàájì Mùsílíù, wá, pé kí Dìran fi ọ̀dà olóròóró yà á ní títóbi. Ọmọ ọwọ́ ni Jùbrílù nígbà tí bàbá náà kú. Yàtọ̀ sí fótò kékeré tó ti ṣá yìí, kò mọ ojú rẹ̀. Dìran kọ́kọ́ ya agbádá sányán, ó fi òjìji sí gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀ títí ó fi dà bí ohun tí a lè dì mú. Ó po àwọ̀ ara: pupa, yẹ́lò, búlúù díẹ̀ kí dúdú náà má baà rí bí èédú. Ó wá ku ojú. Ìmẹ́lẹ́ kò jẹ́ kó gbé fótò kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Òjò rẹ ẹ́, ó lẹ̀ mọ́ díńgí fèrèsé, nígbà tí Dìran sì fà á, láti imú dé àgbọ̀n bó dànù.

"Ojú tì mí, mi ò sọ fún ọ; mo ní fótò náà sọnù. Imú àti àgbọ̀n bàbá tèmi ni mo yà sí i. Ẹ gbé e kọ́, ẹ sunkún, ẹ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!"

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, Dìran ì bá gbé àṣírí náà lọ sí sàréè. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1982, Títílọlá wá láti Ọ̀fàdà, ó ní ìyá òun sọ kó tó kú pé Àlàájì ló bí òun. Àwọn ẹbí Jùbrílù mú un dúró síwájú àwòrán. Àgbọ̀n rẹ̀ ní kòtò kékeré. Ti àwòrán kò ní. Wọ́n ránṣẹ́ pe Dìran, wọ́n bi í bóyá bí fótò ṣe rí ló yà á. Kòtò tó rí nínú fótò gan-an ló ń wò lójú obìnrin náà.

"Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Obìnrin náà kò bú mi, Jùbrílù. Ó kàn fọwọ́ bo àgbọ̀n rẹ̀, ó jáde. Ìkà ni mí."

Jùbrílù di orí mú. "Ta wá ni mò ń fi han àwọn ọmọ mi láti ọjọ́ yìí?"

"Ògúnṣẹ̀san, bàbá mi. Àgbẹ̀ ni."

Òógùn bo Dìran. Ó gbá ọwọ́ Jùbrílù mú.

"Ibi tí mò ń lọ yìí, bàbá rẹ wà níbẹ̀. Bó bá bi mí pé níbo ni mo gbé àgbọ̀n òun sí, kí ni mo fẹ́ wí? Forí jì mí. Àmọ́ kó o tó forí jì mí, kọ́kọ́ lọ sí Ọ̀fàdà."