Ilẹ̀ Tí Kì í Gba Owó Orí, Tí Kì í Gba Aya

Wọ́n so yìgì ọmọ mi fún ọkùnrin tí kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin náà lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí aya kò gbọdọ̀ bá ọkọ dé, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti ń wọ àpò rẹ̀ jù. Ọdún kẹta rèé. Ọmọ mi ní kí wọ́n tú òun sílẹ̀, wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Bó ṣe rí nìyẹn, n ò fi iyọ̀ sí i, n ò fi ata sí i.

Ẹ̀yin jàmáà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá wa, ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa. Wáàsí tẹ́ ẹ ní kí èmi obìnrin wá ṣe láàárọ̀ yìí, orí ẹ̀tọ́ aya tó wà lọ́rùn ọkọ ló dá lé. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ má wo aago. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ẹ gbójú sókè, a ò jalè. Ọ̀pọ̀ yín rò pé bí ọkùnrin bá ti fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, ẹ̀tọ́ ti tán lọ́rùn rẹ̀. Irọ́ ni. Irọ́ gbuu! Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe jẹ́ irọ́. Ìyá kan wà nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ; ẹ mọ ojú rẹ̀, òun ló ń bá yín sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìyá Àbíbátù ni n ó máa pè é, kí ìbínú má baà já ìtàn gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Àbíbátù yìí, oògùn ló ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí gáréèjì Ìwó níbí. Ẹni tí inú bá ń run mọ̀ ọ́n, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná mọ̀ ọ́n. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí Mubáṣírù tó yọjú, àwọn àǹtí ti ń fi ojú bi í léèrè. Nítorí náà, nígbà tí Mubáṣírù ní òun fẹ́ ẹ, inú rẹ̀ dùn. Ṣé kó má dùn ni?

Wẹ́dà ni Mubáṣírù. Páìpù ńláńlá tí epo rọ̀bì ń gbà kọjá ló ń jó pọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ rọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan pàtó. Kóńtíráàtì ló ń gbà. Wọ́n á mú un fún ìgbà díẹ̀, iṣẹ́ á parí, á tún wá òmíràn lọ síbòmíràn. Hàláàlì ni, n ò bá a jà síyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni mo ń bá jà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti òkè òkun dé, kí onítọ̀hún tó bọ́ bàtà, Mubáṣírù á ti ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ o. Bí ìjọba ibẹ̀ bá ti yọ tiwọn, tẹ́ ẹ ti sanwó ilé, tẹ́ ẹ ti jẹun, èló ló ń kù sọ́wọ́?"

Kò ní béèrè bóyá mọ́sálásí wà níbẹ̀. Kò ní béèrè bóyá wọ́n ń pe ènìyàn ní ènìyàn níbẹ̀. Èló ló ń kù sọ́wọ́! Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, onígbàjámọ̀, sọ fún un lójú gbogbo ayé pé, "Mubá, bí wọ́n bá sọ fún ọ pé wọn kì í gba owó orí ní jàhánámà, wàá ní kí wọ́n bá ọ wá físà ibẹ̀." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. Mubáṣírù náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ilé ńkọ́? Ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni nílé níbẹ̀?"

Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín yín lọ.

Nígbà tó wá tọrọ Àbíbátù, iṣẹ́ méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan wà ní ilẹ̀ Jámánì. Níbẹ̀, ìjọba á yọ owó orí, wọ́n á yọ ti ilé ìwòsàn, wọ́n á yọ ti ọjọ́ ogbó, ìyókù á wá dà bí ẹja tí ológbò ti kọ́kọ́ tọ́ wò. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá ti fìdí múlẹ̀, ó lè mú aya rẹ̀ wá. Èkejì wà ní etí òkun kan nílẹ̀ Lárúbáwá. Kò sí owó orí, ilé ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́. Àmọ́ inú àgọ́ ni wọ́n ń kó òṣìṣẹ́ sí, ọkùnrin nìkan, obìnrin kò gbọdọ̀ dé ẹnu géètì. Èwo ló sọ fún ìyá ìyàwó nínú méjèèjì? Ṣé ó yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi yín? Jámánì ló sọ.

"Màmá, kí ọdún tó yípo, Àbíbá á ti wà lọ́dọ̀ mi."

"Ṣé o fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí?"

"Wàláì, Màmá."

Bí Àbíbátù ṣe kó oògùn rẹ̀ tà lọ́pọ̀ nìyẹn, ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó wá ń fi fóònù kọ́ èdè Jámánì. Ní àárọ̀ kùtù, á máa kí ewúrẹ́ inú ilé pé, "Gútìn mọ́gìn." Ìyá rẹ̀ á ní, "Lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ yìí bá dá ọ lóhùn, ìwọ nìkan lo máa gbé ilé yìí o."

Ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ yìgì pé, Mubáṣírù ti wọ bàálù lọ. Ó ní iṣẹ́ kò dúró de ẹnì kan, kí Ràímì ẹ̀gbọ́n òun ṣe wàkílì, kó bá òun gba ìyàwó. Ṣẹ́rìà gbà bẹ́ẹ̀. Inú mọ́sálásí yìí ni wọ́n ti so yìgì náà. Ràímì ti ṣe tán láti sọ pé òun gbà á fún àbúrò òun, ni ìyá Àbíbátù bá gbóhùn sókè láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé:

"Lèmọ́mù, ẹ jọ̀ọ́ o, kí wọ́n fi í sínú yìgì kí jàmáà gbọ́: kí ọdún kan tó pé, ọkọ á mú aya rẹ̀ lọ. Bí kò bá mú un lọ, kó tú u sílẹ̀."

Obìnrin náà mọ ohun tó ń sọ. Àdéhùn tí a bá sọ nínú yìgì, ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ọkọ ni. Èyí tí a bá sọ ní pálọ̀, atẹ́gùn ló ni ín. Àmọ́ kí ni Lèmọ́mù wí?

"Ìyá ìyàwó, ẹ fara balẹ̀. Obìnrin kì í sọ̀rọ̀ níbi yìgì. Àlùbáríkà la wá wá, a ò wá ṣẹjọ́."

Àwọn ọkùnrin kùn, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Ẹnì kan tilẹ̀ ní, "Àfàìmọ̀ kí ìyá yìí má fẹ́ bá ìyàwó lọ!" Wọ́n so yìgì, wọ́n pín dàbínù, wọ́n gbàgbé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Mubáṣírù pe Àbíbátù kí wọ́n jọ rí ojú ara wọn lórí fóònù, Àbíbátù ti kọ́ gbólóhùn kan tí yóò fi kí i. Kò rí i sọ. Iyanrìn ló rí lójú fèrèsé. Bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì ló rí, ṣòkòtò ọkùnrin tí wọ́n sá kọ́ kiri.

"Báwo ni oòrùn Jámánì ṣe mú tó báyìí?"

"Àbíbá, ìròyìn ayọ̀ ni o! Mi ò lọ Jámánì mọ́. Èyí tó dáa jù ni mo gbà."

"Àwọn wo ló wà lẹ́yìn rẹ?"

"Àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. A pọ̀ nínú yàrá."

"Èmi ńkọ́?"

"Wọn kì í gba aya níbí. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ iye tó ń kù sọ́wọ́ mi? Wọn kì í yọ kọ́bọ̀!"

Àbíbátù gbé fóònù náà sún mọ́ ẹnu. Ó ní, "Mubáṣírù, èmi ńkọ́, ọwọ́ ta lo fi mí kù sí?" Ọkọ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Kóńtíráàtì yẹn parí, ó tún un gbà. Òmíràn parí, ó tún òmíràn gbà. Àbíbátù wà nílé ọkọ tí kò sí ọkọ, lábẹ́ ojú Ràímì. Bó bá ní òun fẹ́ padà sídìí oògùn tí òun ń tà, Ràímì á ní, "Kí ará ìlú lè sọ pé àbúrò mi ò lè bọ́ ọ?" Bó bá jókòó sílé, á ní ó ń sanra. Mubáṣírù ní kí wọ́n gbé firísà ńlá kan wá fún un, ó lè gba odidi màlúù. Lọ́jọ́ tó sunkún, Ràímì fi ọwọ́ gbá orí firísà náà gbì gbì.

"Kí ni èyí? Ìwọ obìnrin, kí lo tún ń fẹ́? Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ra yìnyín tọ́jú ẹja!"

Àbíbátù ní, "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ ṣí i wò. Bí ẹ bá bá ọmọ nínú rẹ̀, ẹ gbé e fún mi kí n pọ̀n."

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má pàtẹ́wọ́, wáàsí là ń ṣe.

Ó wá di pé ó ní òun fẹ́ gba kúlùù, kí òun dá sàdáàkì padà, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Òun àti ìyá rẹ̀ wá síwájú Lèmọ́mù. Ràímì náà wá. Wọ́n pe ọkọ lórí fóònù, wọ́n ṣe é kí gbogbo wa máa gbọ́. Ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ọkọ wí. Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó ṣe sùúrù. Ilẹ̀ mìíràn kan ti yọ. Wọn kì í gba aya níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n owó tó ń kù sọ́wọ́ níbẹ̀ ju ti ibí lọ dáadáa."

Lèmọ́mù mi orí. Kì í ṣe ọkọ ló mirí sí. Ó kọjú sí Àbíbátù, ó ní, "Ọkọ rẹ ń bọ́ ọ, ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Kí ló kù?"

"Bàbá, ṣé mo sọ fún yín pé ebi ń pa mí ni? Ọkọ ni mo fẹ́. Mo fẹ́ bímọ. Ọjọ́ orí mi kì í gba kóńtíráàtì, bó bá ti lọ, kì í padà."

"Àdéhùn tí ìyá rẹ ń sọ, a ò gbọ́ ọ nínú yìgì."

Ẹ ò gbọ́ ọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ẹnu ara yín ní kí obìnrin dákẹ́, kí lẹ gbọ́ tẹ́ ẹ fi ní kó dákẹ́?

Ìtàn parí síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n fi ọmọ mi sí. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ. Kápẹ́ẹ̀tì pupa tuntun tẹ́ ẹ forí kanlẹ̀ lé lórí láàárọ̀ yìí, ta ló fi owó rẹ̀ ránṣẹ́? Mubáṣírù ni! Iyanrìn ilẹ̀ Lárúbáwá ló sọ di kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ń fojú tó ń wo kápẹ́ẹ̀tì wo ẹjọ́ ọmọ mi. Ìyẹn ni mo ṣe dúró lórí sìmẹ́ńtì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi ara yín léèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ẹ lọ ṣiṣẹ́ níbi tó bá wù yín. Ẹ ṣírò owó orí, ẹ ṣírò owó ilé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti so yìgì, kó ṣírò aya mọ́ ọn. Ọ̀nà méjì ni ṣẹ́rìà là fún ọkùnrin: dá a dúró pẹ̀lú dáadáa, tàbí kí o jọ̀wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú dáadáa. Kò sí ọ̀nà kẹta tó ní kí o so ó kọ́ sáàárín, kí o máa fi firísà tù ú nínú.

Ọlọ́hun, fi ọ̀nà hàn wá. Má jẹ́ kí ohun tó ń wọ àpò wa gba ojú lọ́wọ́ wa. Má fi ọmọ ẹnikẹ́ni sí ọwọ́ ẹni tí kò ní ká a sí. Àwọn tí o fi ìdájọ́ lé lọ́wọ́, bí wọ́n bá gbọ́ òtítọ́ tí wọ́n dití sí i, Ìwọ mọ ohun tí o máa fi etí wọn ṣe.

Àdúà ti parí. Lèmọ́mù, Àbíbátù ló dìde dúró lẹ́yìn aṣọ yẹn, sàdáàkì rẹ̀ ló gbé dání, ó pé. N ò ní jókòó, òun náà ò ní jókòó. Ṣé ẹ máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó máa lọ, àbí ẹ ò ní gbà á? Ẹ má wo Ràímì. Èmi ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ dá mi lóhùn.