Ojú Àyàfi

Kì í ṣe ọ̀nà ìrọ̀rùn ni mo gbà kọ́ bí a ti í wo ojú ènìyàn. Ní yunifásítì, níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwòrán yíyà, a máa ń jókòó ti orí tí a fi amọ̀ mọ títí ọrùn yóò fi máa ro wá, olùkọ́ wa, ọkùnrin kan tí kì í yin ènìyàn, yóò sì máa rìn kiri lẹ́yìn wa pé, "Ẹ má ya ohun tí ẹ rò. Ẹ ya ohun tí ẹ rí." Nígbà tí mo ti ìwé ẹ̀rí mi bọ inú àpótí tí mo sì mú òòyà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Dígírì ti di onídìrí!" Mo gbà fún wọn. Mo gba yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà, mo gbé àga kan àti dígí kan síbẹ̀, n kò sì jẹ́ fi òòyà kan orí ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ fi òwú wọn ojú rẹ̀, láti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀ dé àgbọ̀n, àti láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú róbótó, mo máa ń fún un ní gíga. Ojú tí àgbọ̀n rẹ̀ le, mo máa ń jẹ́ kí irun rọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú gígùn tí iwájú orí rẹ̀ gbòòrò, n kì í fa irun rẹ̀ sókè; ṣe ni mo máa ń jẹ́ kí díẹ̀ wálẹ̀ sí iwájú náà, kí ìyókù sì kún ní ẹ̀gbẹ́ etí. Díẹ̀díẹ̀ ni yàrá kan di ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn tí ó rẹ́rìn-ín nígbà náà sì ń mú ọmọ wọn wá.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ níṣẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n kọ gbogbo ìlànà náà sílẹ̀ kí ara mi tó kọ iṣẹ́. N ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ ṣíwájú rẹ̀, nítorí bí mo bá tún fi èyí pamọ́, kò sí ohun tí mo kọ tí ó yẹ kí ẹ gbà gbọ́. Ojú tí mo kọ́ yín láti máa pè ní ojú àyàfi, kò sí irú rẹ̀ láyé. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á, ọmọ ìyá mi ni mo sì pa á mọ́.

Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ẹyinjú ni ó máa ń pe àbúrò mi. Èmi, Ọ̀mọ̀wé ni ó ń pè mí kí n tó mọ ìwé kà. Àlejò kì í wọlé wa kí ó má sọ ọ́: "Àgbà ló kó ọpọlọ, àbúrò ló kó ẹwà." Wọn a rẹ́rìn-ín, ìyá wa náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò bi mí bóyá mo fara mọ́ bí wọ́n ṣe pín in. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì. Kò pa mí, kò sì kúrò lọ́nà ọ̀fun mi. Ojú gígùn ni ojú àbúrò mi, iwájú orí rẹ̀ gbòòrò, bí irun bá sì ti wálẹ̀ sí iwájú náà díẹ̀, ẹni tí ó ń kọjá lọ yóò tún bojú wẹ̀yìn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ni ìbá mọ̀ ọ́n jù mí lọ?

Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti pè é pé kí ó wá, kí wọ́n dán an wò bóyá yóò lè máa ka ìròyìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o! Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí orí yìí. Bí kámẹ́rà bá kọ̀ mí, ó parí nìyẹn." Mo fi òwú wọn ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo irun rẹ̀ sókè. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà, tí a ń pè ní Oníbéèrè, dáwọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ojú gígùn kì í fẹ́ kí á fa irun sókè?" Àbúrò mi gbójú sókè wò mí. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbá gba àwa méjèèjì là: O ṣeun, mo gbàgbé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í jẹ́ kí onígbèéraga rí ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀. Mo ní, "Òótọ́ ni mo sọ. Àyàfi irú ojú yìí. Wò ó dáadáa, bí irun bá wálẹ̀ sí i, á dà bí ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Irú ojú báyìí kò lè gbé irun. Ká kó o kúrò níbẹ̀ ló sàn."

Àbúrò mi ní, "Háà, Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé bó ṣe burú tó nìyẹn?"

Mo ní, "Èmi kọ́ ni mo dá a. Èmi kàn ń tún un ṣe ni."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ náà sì ni mo ń gbọ́ títí di òní. Mo yí àga rẹ̀ padà kí ó má baà rí dígí ńlá, mo sì fún un ní dígí kékeré pé kí ó fi wo ìpàkọ́ rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ mi ti dára. Mo fa irun náà títí irun ojú rẹ̀ fi gbéra kúrò ní ipò wọn. Ó ní, "Ó ń dùn mí o." Mo ní, "Ẹwà tí kì í dun ni, ẹ̀bùn ni. Wọn ò fún ọ." Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àlejò wọ̀nyẹn ni mo ti ń wá ẹni tí n ó sọ èyí fún.

Wọn kò mú un. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le, bí ẹni tí ń bá ènìyàn jà, wọ́n sì darí rẹ̀ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ohùn tí gbogbo ìlú mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ojú rẹ̀. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún mi. Àwọn yòókù ti ń tàn mí láti kékeré." Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu, mo sì gba ọpẹ́ ata mi, mo fi í sápò. Ó ń padà wá, mo ń fà á. Irun ẹ̀bátí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn. Ó bi mí ohun tí ó fà á, mo ní, "Ìdílé bàbá wa ni. Ṣé o ti gbàgbé orí bàbá àgbà ni?" Láti ìgbà náà ni ó ti ń dè síkáàfù.

Èyí kọ́ ni ó burú jù. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rántí fọ́tò kan lára ògiri yàrá ẹ̀kọ́ wa, tí ó tẹ̀lé ti ojú róbótó àti ti ojú gígùn. Àbúrò mi ni, pẹ̀lú irun ọjọ́ yẹn. Oníbéèrè ti bi mí ní ìbéèrè, irọ́ tí mo fi dá a lóhùn sì ti di ẹ̀kọ́, mo ń fi ọ̀pá tọ́ka fọ́tò náà fún yín pé, "Èyí ni ojú àyàfi." Ní ọjọ́ kan a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ náà nígbà tí òun fúnra rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú yín, tí kò mọ̀ ọ́n rí, nawọ́ sí i tayọ̀tayọ̀: "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ojú àyàfi gidi rèé!" Àbúrò mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fún síkáàfù rẹ̀ le, ó ní, "Èmi gan-an ni." Mo rí ojú rẹ̀. Mo tún ọ̀pá mi mú. Mo ń bá ẹ̀kọ́ lọ.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọbìnrin rẹ̀ wá jókòó sórí àga mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Mọ́mì Àgbà, ẹ kàn ṣáà bá mi fà á sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lórúkọ ilé iṣẹ́ wa, àmọ́ màá ní kí wọ́n fi ẹlòmíì. Ojú àyàfi lèmi náà, bíi ti Mọ́mì." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ ìwọ̀n bàtà rẹ̀. Mo mú òwú. Ibi tí òwú parí sí lójú ìyá rẹ̀ gan-an ni ó parí sí lójú tirẹ̀. Mo jẹ́ kí irun náà wálẹ̀ sí iwájú orí rẹ̀, mo jẹ́ kí ó kún létí, mo sì yí i kọjú sí dígí ńlá. Ó wo ara rẹ̀ títí. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n! Mọ́mì Àgbà, ta lẹ fi pààrọ̀ mi?" Ó ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ṣebí ojú kan náà lèmi àti Mọ́mì ní. Kí ló dé tí ẹ ò ṣe irú èyí fún wọn rí?"

Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Aṣọ ni àbúrò mi ń lọ̀ nígbà tí mo dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin tí ẹ kì í wá láìpè, ṣé gáàsì yín ló tán ni?" Mo kúnlẹ̀. Ó ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Ẹ dìde! Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ta ló kú?" Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Ojú rẹ ni. Mo parọ́ mọ́ ọn." Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí òwú títí dé orí ògiri. Ó tú síkáàfù rẹ̀. Ẹ̀bátí rẹ̀ méjèèjì ń dán bí àtẹ́lẹwọ́.

Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ohùn tí ó fi ń ka ìròyìn kọ́ ni ó fi sọ ọ́. "Ṣé ẹ mọ èyí tó dùn mí? Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n. Bí ọmọ mi bá ń wo fọ́tò ìgbà kékeré rẹ̀, á ní, 'Mọ́mì, ẹ̀yin dà níbẹ̀?' Màá ní èmi ni mo yà á. Gbogbo ẹ̀ pátá, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ya gbogbo ẹ̀." Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ má bẹ̀ mí lónìí. N ò tíì mọ ohun tí màá sọ. Ẹ lọ yọ mí kúrò lára ògiri yín, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ ti fi mí hàn."

Mo ti yọ ọ́. Ojú ibi tí fọ́tò náà wà funfun ju ìyókù ògiri lọ. Ọmọ náà lọ sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà, mo sì gbọ́ pé òun àti ìyá rẹ̀ jọ jókòó wò ó nílé. Wọn kò pè mí.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń bọ̀, ẹni tí ó bá jókòó sórí àga yín ti fi ojú rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sọ fún oníbàárà kan rí pé ojú àyàfi ni tirẹ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, kí ó wá a lọ, kí ó mú un jókòó síwájú dígí, kí ó jẹ́ kí irun rẹ̀ wálẹ̀, kí ó sì sọ fún un pé olùkọ́ òun parọ́. Ẹ dárúkọ mi. Gbèsè yín nìyẹn, èmi ni mo dì í lé yín lórí. Ti àbúrò mi, mo jẹ ẹ́ ní ojú rẹ̀, àti gbogbo fọ́tò tí kò sí nínú wọn. N kò ní ohun tí n ó fi san án. Mo ṣì jẹ ẹ́.