Ilẹ̀kùn Ìjàpá

Láyé SAP, nígbà tí apá òṣìṣẹ́ ò ká ọkọ̀ tuntun mọ́, mo jókòó ní ọgbà mẹkáníìkì kan ní Agége, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan tó dúró ti ọkọ̀ ìjàpá wọn.

"Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ ta eléyìí, kí n ra tòkunbọ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ló ti rà."

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà. Á dà bíi tuntun."

"Èyí tí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ èrò ẹ̀ ò ṣeé ṣí?"

"Èmi ń ṣí i."

"Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n ṣí! O máa gbé e sókè, o máa fi ìbàdí tì í. Àlejò ò lè wọ̀ ọ́."

"Àlejò wo?"

Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ nu gíláàsì ọkọ̀.

"Ṣé ọmọge ọ́fíìsì yín tó ń gbé ní Opebi ni? Àwa ará Ifákò, ìgbà wo ni Opebi di ojú ọ̀nà ilé wa?"

"Owú lò ń jẹ."

"Owú ni mò ń jẹ. Kí wọ́n tún gbogbo ara ẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn."

Ó sọ ọ́ láìtijú, bí ẹni tó ní ebi ń pa òun. Mi ò dúró gbọ́ èsì. Ìyàwó mi ti kú lọ́dún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà. Mo wọ ọkọ̀ tèmi, kò sì sí ẹni tó máa bi mí pé ta ni mo fẹ́ lọ gbé.