Ilé Tí Mo Fi Han Màmá Ní Làìbéríà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní pálọ̀ wa ní Òkè-Ìmẹ̀sí. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ara Màmá, ìyá tó bí bàbá mi, kò yá, èmi ni mo sì fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Fẹ́mi ni àkọ́bí Màmá. Ó lọ ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní Làìbéríà kí wọ́n tó bí mi. Ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Lọ́dọọdún ni ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń ka orúkọ àwọn tó ti sùn nínú Olúwa. Màmá kò gbà rí kí a ka ti Fẹ́mi. Lọ́dún yìí, bàbá mi bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Wọ́n kàn ní kí n kọ́kọ́ fi àwòrán òpópónà tó wà lórí máàpù fóònù mú àwọn rìn dé ibi tí ọmọ àwọn gbé, kí àwọn lè dágbére.

Mo ti kàwé jáde, n kò tíì ríṣẹ́. Inú mi dùn pé mo wúlò. Mo ṣàlàyé ogun náà fún Màmá, mo fi etí òkun hàn wọ́n, àti àwọn ilé tí ọta ìbọn ti dálu. Wọn kò wo ìyẹn.

“Ulé rẹ̀ dà?”

Mo wá àdúgbò tí wọ́n ní Fẹ́mi gbé títí, n kò rí i. Màmá tẹjú mọ́ mi. Mo dúró níwájú ilé kan tó ní ilẹ̀kùn búlúù, mo ní, “Òun nìyí.” Ẹ jọ̀ọ́, àánú ló ṣe mí. Bóyá ìtìjú náà wà níbẹ̀, n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Àwọn tó ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń pa ojú èèyàn rẹ́.

“Ta ló pa ojú ọmọ mi rẹ́ báyìí?”

“Màmá, kì í ṣe ọmọ yín nìyẹn. Ẹlòmíràn ni.”

“Ìwọ mọ̀ ọ́n ni? Wọn ò tíì bí ọ nígbà tó lọ. Wo èjìká rẹ̀. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n.”

Màmá ránṣẹ́ sí àlùfáà pé kí ó má pe orúkọ alààyè mọ́ ti òkú. Bàbá mi bi mí bóyá ó dá mi lójú pé ilé náà nìyẹn. Mo ní ó dá mi lójú.

Láti ìgbà náà, pálọ̀ ni Màmá ń sùn, wọn kì í sì í jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn, kí Fẹ́mi má baà dé kó bá a ní títì. Ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé láti orí òkè. Ikọ́ ti mú wọn. Àràárọ̀ ni mò ń ṣí àwòrán náà fún wọn, ọkùnrin náà á sì ṣì wà lórí ìdúró. “Kí ló dé tí kò wọlé?” Ohun tí Màmá máa ń bi mí nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwòrán ni, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Bí mo bá dijú, mo máa ń rí i níbi tó dúró sí, tí kò lójú, bíi pé èmi ló ń wò.

Bí mo bá jẹ́wọ́, ẹ̀ẹ̀kejì ni Fẹ́mi yóò kú mọ́ Màmá lọ́wọ́, bóyá ọkàn wọn kò ní gbé e. Bí mo bá dákẹ́, òtútù lè mú wọn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún Màmá fúnra mi, àbí bàbá mi ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Kí ni ẹnu mi yóò sì fi bẹ̀rẹ̀?