Kọ́tìnì Mi Ló Sọ Calderwick di Píńkì

Ẹ̀yin ará Calderwick, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi píńkì kun ilẹ̀kùn ilé yín, tẹ́ ẹ̀ ń kọrin lọ́jọ́ Sátidé pé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn baba ńlá yín ni àwọ̀ náà ti wá, ẹ fìdí lélẹ̀. Dókítà ti wò mí tán, ojú tó sì fi wò mí kì í ṣe ojú ẹni tó ń retí pé òun á tún rí mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Tèmi ti lọ ju ogún ọdún lọ, òótọ́ ò sì yára, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo dúró dè é. Píńkì yín kò ti inú ẹ̀jẹ̀ baba ńlá kankan wá. Inú kọ́tìnì mi ló ti wá.

Èmi Maureen Sugden ni mò ń fọ jẹ́sì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Calderwick Albion láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu. Funfun báláú ni jẹ́sì wa nígbà náà. Òfin kan ṣoṣo tí ìyá mi, tó ń fọ̀ ọ́ ṣáájú mi, fi lé mi lọ́wọ́ ni pé aṣọ mìíràn kò gbọ́dọ̀ bá jẹ́sì wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni mí, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Lọ́sẹ̀ tí a fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn Harrowgill, aládùúgbò wa tí a kì í fẹ́ rí sójú, mo ra kọ́tìnì pupa tuntun, mo sì rọ́ òun àti jẹ́sì pọ̀ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí mo ṣí i, mo pariwo. Gbogbo jẹ́sì ti di píńkì bí ìdí ọmọ tuntun.

Ní yàrá tí wọ́n ti ń wọṣọ, Derek, balógun ẹgbẹ́ náà, gbé ọ̀kan sókè. "Ìyá Sugden, kí lèyí? Ṣé bọ́ọ̀lù la fẹ́ gbá ni, àbí a fẹ́ lọ ṣègbéyàwó?"

Ẹlòmíì ní, "Àwọn Harrowgill á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ dójú ikú. Ta ló ba aṣọ yìí jẹ́?"

Mo rí i pé iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí, ni irọ́ bá yọ lẹ́nu mi. "Ẹ ò mà mọ nǹkan kan o! Àwọ̀ tí àwọn tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ wọ̀ nìyí. Aláró ni wọ́n ní ilé iṣẹ́ ahunṣọ, ìṣẹ́kù aró pupa ni wọ́n fi rẹ jẹ́sì wọn. Bàbá mi àgbà ló sọ fún mi. Mo fẹ́ gbé yín ga, ẹ wá ń ṣe bí ọmọ tí ò mọlé!"

Derek, ọkùnrin gìrìpá yẹn, bú sẹ́kún, ó sì fi jẹ́sì nu imú. Wọ́n jáde, wọ́n fàgbà han Harrowgill. Ká ní a pàdánù ni, irọ́ náà ì bá kú sójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n a borí, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹni tó ń ta páì lẹ́nu ọ̀nà pápá ti ń ta ìborùn píńkì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà. Ọ̀gbẹ́ni Wilf Hebden tó ń gbé ní òdìkejì ilé mi ni, òun ló ń tọ́jú yàrá tí àwọn ife-ẹ̀yẹ àti fọ́tò àtijọ́ wa wà. Bàbá àgbà tirẹ̀ ni gólí àkọ́kọ́ tí a ní. Ó gbé fọ́tò wá sí ìpàdé. "Ẹ wò ó! Funfun ni wọ́n wọ̀."

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Wilf, fọ́tò dúdú òun funfun nìyẹn. Báwo ni píńkì ì bá ṣe rí nínú ẹ̀?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Wilf tẹjú mọ́ mi. "Maureen, bàbá àgbà wo ló sọ fún ọ? Ṣebí Harrowgill ni bàbá àgbà rẹ ti wá!"

Òótọ́ ni, àṣírí sì fẹ́ tú. Ni mo bá ṣe ohun tó burú jù láyé mi. Mo mi orí, mo fi ohùn àánú sọ pé, "Ẹ má dá a lóhùn. Látìgbà tí ìyàwó ẹ̀ ti kú lorí ẹ̀ ti ń dàrú. Lánàá, ìkòkò tíì ló ń bá sọ̀rọ̀." Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò wọ pápá mọ́. Orí òkè tó wà lẹ́yìn ọgbà ló máa ń dúró sí lọ́jọ́ Sátidé, nínú òjò, tí á máa gbọ́ ariwo wa. Mo máa ń rí i, mo sì máa ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èèyàn burúkú ni mí.

Ǹ bá ṣì dákẹ́, àfi bí Alága tuntun ẹgbẹ́ wa ṣe wá kí mi lórí ibùsùn. "Màmá, inú yín á dùn. Orúkọ yín la fẹ́ kọ sára ìjókòó àwọn òǹwòran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́." Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo ní kó lọ pe Wilf wá.

Wilf wọlé, ó di kóòtù ẹ̀ pinpin. Mo jẹ́wọ́. Ó fọwọ́ sétí. "Mi ò gbọ́. Tún un sọ." Mo tún un sọ. "Gbóhùn sókè, kí Alága lè gbọ́."

Mo kígbe, "Kọ́tìnì mi ni! Orí yín ò dàrú rí!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Etí mi ò di. Ó kàn dùn létí mi ni. Mo ti mọ̀ tipẹ́, Maureen. Fèrèsé rẹ kọjú sí tèmi. Mo rí kọ́tìnì tuntun tó ti ṣá."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ṣebí orí mi ti dàrú."

Omi bọ́ lójú mi. Alága ò tiẹ̀ rí mi, orí ló ń họ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, a ti kun gbogbo ìjókòó náà ní píńkì. Ṣé ká tún un kùn ní funfun ni?"

"Má dán an wò!" ni Wilf wí. Ó ṣí kóòtù ẹ̀. Ìborùn píńkì wà lọ́rùn ẹ̀, ó ti gbó, ó ti já létí. "Òtútù orí òkè yẹn kì í ṣe kékeré."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ máa wọ píńkì yín lọ, ẹ ti sunkún nínú ẹ̀, ẹ ti yọ̀ nínú ẹ̀, ó ti di tiyín. Àmọ́ orúkọ Wilf ni kẹ́ ẹ kọ sára ìjókòó yẹn, kẹ́ ẹ sì dá kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ padà kí Sátidé tó dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bẹ́ ẹ bá ba aṣọ jẹ́, ẹ gbé e síta kí wọ́n bú yín. Èébú ọjọ́ kan ni. Èmi sá fún èébú ọjọ́ kan, òjò sì pa Wilf títí ó fi darúgbó.