Báàgì Tí Mo Gbé Sórí Ibùsùn Bàámi

Ògo ni fún Ọlọ́run tí ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ọmọ tí ó ń jowú! Ẹ̀yin òbí mi nínú Olúwa, Rónkẹ́ ni orúkọ mi. Bàámi tí wọ́n jókòó sẹ́yìn yẹn ni ẹ̀rí mi.

Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàámi ní Àkúrẹ́, èmi àti Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ni a wá láti Oǹdó láti tọ́jú wọn. Ọdún méjì péré ni Bọ́sẹ̀ fi jù mí lọ, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi ni mò ń fọ aṣọ, èmi ni mò ń ra ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé, Bàámi á ní, "Ẹ wá wo nọ́ọ̀sì mi." Ọ̀rọ̀ náà máa ń ta mí lọ́kàn bí ata.

Wọ́n ti fi rọ́bà sí Bàámi lára, kí ìtọ̀ lè máa gba inú rẹ̀ bọ́ sínú báàgì kan tí wọ́n fi kọ́ ìsàlẹ̀ ibùsùn. Bọ́sẹ̀ kìlọ̀ fún mi pé, "Rónkẹ́, má gbé báàgì yìí ga ju ara Bàámi lọ o. Ìtọ̀ á ṣàn padà sínú wọn."

Mo ní, "Ẹ ṣé, dókítà àgbà." Ẹ̀gàn ni mo fi ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá ìjọ wá kí wa. Ojú ń ti Bàámi nítorí ìtọ̀ tí ó wà ní gbangba. Bọ́sẹ̀ kò sí nítòsí. Mo gbé báàgì náà sórí ibùsùn, mo sì fi aṣọ bò ó. Bàámi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Rónkẹ́ mi gbọ́n." Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣe é nígbà mẹ́ta sí i.

Kò pẹ́ tí ara Bàámi fi gbóná, tí wọ́n ń gbọ̀n, tí wọn kò dá mi mọ̀ mọ́. Ìtọ̀ wọn ṣókùnkùn, ó ń rùn. Dókítà ní, "Kòkòrò ti wọ ọ̀nà ìtọ̀ wọn. Bí ó bá dé inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀ràn dé."

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wá yẹ Bàámi wò. Wọ́n wo ibi tí rọ́bà gbà wọlé, wọ́n rọra tẹ ìsàlẹ̀ ikùn Bàámi, wọ́n sì bi wá pé, "Ta ní ń da ìtọ̀ yìí? Ṣé ẹ máa ń fọwọ́ kí ẹ tó fi kàn án? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti gbé báàgì yìí sókè rí?"

Bọ́sẹ̀ wo ojú mi, ó sì mọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Èmi ló yẹ kí n máa ṣọ́ ọ."

Nọ́ọ̀sì àgbà náà kọjú sí i, wọ́n ní, "Ìwọ tí o ń kọ́ nọ́ọ̀sì? Irú èyí ni wọ́n ń kọ́ yín?"

Ó yẹ kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Ìlara ni mo ṣe: ó tún ti dára jù mí lọ. Ojú ara mi tì mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbé e. Bọ́sẹ̀ ti kìlọ̀ fún mi."

Nọ́ọ̀sì àgbà náà ní, "O ṣé tí o sọ ọ́. Ó yẹ kí àwa náà ti rí i." Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, wọ́n gba ìtọ̀ fún àyẹ̀wò, abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀, Bàámi lajú. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n ní, "Bọ́sẹ̀ dà?"

Ó dùn mí. N kò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n Bàámi ti tún ń dá ènìyàn mọ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Mo sáré jáde lọ pe ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ń dúpẹ́ bí mo ti ń sáré.

Ìwọ tí ènìyàn rẹ wà lórí ibùsùn àìsàn, má sọ ìrètí nù, má sì jẹ́ kí ìtìjú tàbí owú pa ọ́ lẹ́nu mọ́ níwájú ẹni tí ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Baba, mo dúpẹ́ fún Bàámi. Mo dúpẹ́ fún Bọ́sẹ̀ pẹ̀lú.