Ìyá Tí Ń Ta Òwú Lẹ́bàá Géètì Yín

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ẹ tún un gbé ga, ohùn yín ò tíì jáde! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n fi ẹkún wọ Ṣakí, kí n sì tún fi ẹkún jáde níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba Pásítọ̀ tó gbé máìkì lé mi lọ́wọ́, nítorí àlejò ni mo jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Wọ́n ní kí n má pẹ́. Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹkùn lé tó sì bọ́, ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Adéọlá ni orúkọ mi, Àbẹ̀ní ni oríkì mi. Ẹ fi oríkì yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló jẹ́ kí n wà níwájú yín lónìí. Tíṣà ni mí n'Íṣẹ́yìn. Ọmọ Ṣakí ni ọkọ mi, ìlú yín yìí náà ni wọ́n gbé mi wá nígbà tí mo relé ọkọ, kí iṣẹ́ tó dá wa padà sí Ìṣẹ́yìn. Ìyá mi ló ń bá wa gbé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá mi ti ń ta òwú aṣọ òfì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, kí òwú tó dé ọwọ́ ahunṣọ, ẹnìkan á kọ́kọ́ gún èèkàn mọ́lẹ̀ káàkiri àgbàlá, á máa lọ, á máa bọ̀, á máa fi òwú yí àwọn èèkàn náà ká, títí òwú á fi gùn tó bí wọ́n ṣe fẹ́ kí aṣọ gùn. Ìyẹn là ń pè ní títa òwú. Ibẹ̀ ni oúnjẹ wa ti wá, ibẹ̀ náà ni owó ilé ìwé mi ti wá.

Nígbà tí ọjọ́ orí wá dé, ọpọlọ Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Wọ́n á jẹun tán, wọ́n á ní a fi ebi pa àwọn. Wọ́n á pe ọmọ mi ní àbúrò wọn tó ti kú tipẹ́. A ò bínú, a máa ń rẹ́rìn-ín ni, ta ni kò ní dàgbà? A ń ti géètì, a ń ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà kan, mo wà ní ilé ìwé, ẹni tó ń bá wa tọ́jú wọn ní kí òun sáré ká aṣọ tí òun sá sẹ́yìnkùlé, nígbà tó máa fi padà dé, géètì ti ṣí, Ìyá ti lọ!

Yéè! Ẹ̀yin ará, ẹ máa gbàdúrà kí irú ẹ̀ má ṣe yín. A wá wọn dé ọjà, a wá wọn dé oko. A sọ fún pọ́lísì, a polongo lórí rédíò, àwọn mùsùlùmí àdúgbò wa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí pe orúkọ ìyá mi lẹ́yìn ìrun, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Tí òjò bá ṣú báyìí, màá ní, ibo ni ìyá mi forí pamọ́ sí?

Àwọn kan ní kí a wò ó lọ sọ́nà Òkakà. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá kan tó ń ta iṣu lẹ́bàá títì ní òun rí àgbàlagbà kan tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ní òun ń gbé aṣọ ìyàwó lọ fún ọmọ òun. Aṣọ ìyàwó kẹ̀? Orí mi wú. Mo tún gbéra, ó di Àgọ́-Àmọ́dù. Mo ń gbé fọ́tò Ìyá tó wà nínú fóònù mi ká gbogbo garéèjì. Ọkùnrin kan ò tiẹ̀ wo fọ́tò náà tó fi ní, "Wèrè pọ̀ nílẹ̀, madáàmù, èwo nínú wọn?" Wèrè! Ìyá tó bí mi! Mo fẹ́ là á létí, ẹ̀mí mímọ́ ló dì mí lọ́wọ́ mú.

Mi ò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí mo ń rìn kiri yẹn, ibí ni ìyá mi wà, lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yín yìí, lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́bàá géètì. Lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ parí ni wọ́n tó sọ fún mi bó ṣe rí. Ìyá ò tọrọ bárà. Wọ́n kàn ń ṣa àpò ìrẹsì tó ti ya lórí ààtàn, wọ́n ń tú òwú ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ká a jọ sínú báàgì. Àwọn kan ju búrẹ́dì sí wọn láti òkèèrè bí ẹni tó ń ju àgbàdo fún adìẹ. Àwọn kan gba òdìkejì títì. Àwọn kan ní kí ọlọ́dẹ tètè máa ti géètì tí ìsìn bá ti bẹ̀rẹ̀, kí "ìyá yẹn" má baà wọlé wá da ìjọ rú. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ẹ yéé wo ojú ara yín!

Ẹnìkan ṣoṣo ló ń ṣe bí ọmọ ènìyàn sí wọn. Ìyá Sùlìyá ni, tó ń ta kókó àti àkàrà ní òdìkejì títì yín níbẹ̀ yẹn. Mùsùlùmí ni. Láàárọ̀, kó tó dáná pàápàá, á lọ bá Ìyá mi lábẹ́ igi, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ẹ̀ jíire bí, Ìyá wa?" Tí kókó bá wá jinná, á bu ún fún wọn, á dúró kí wọ́n mu ún tán.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ náà. Òwú ti pọ̀ tó lójú Ìyá. Wọ́n ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́, wọ́n gún un mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì níbi kọ́nà yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta òwú. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ sára wọn. Àṣé ibi yẹn gan-an ni ọlọ́kadà kan máa yọ̀ lórí yanrìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sọ́sípítù, wọ́n padà wá wo ohun tó fà á, ni wọ́n bá rí òwú. Òwú tó lọ, tó bọ̀, tó yí igi ká! Ẹnìkan pariwo pé, "Ẹ wá wo nǹkan! Ìyá yìí ti fi òwú di ọ̀nà! Àjẹ́ ni!" Òmíràn ní àjẹ́ kọ́ o, àwọn ajínigbé ló gbé e síbẹ̀ kó máa bá wọn ṣọ́ ọ̀nà, ṣé wèrè gidi máa ń jókòó jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni? Bí èrò ṣe ń pọ̀ ni àlàyé ń pọ̀. Wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò.

Fídíò yẹn ló dé Àgọ́-Àmọ́dù. Mo ń fi fọ́tò han obìnrin kan tó ń rán aṣọ, ló bá wo fọ́tò, ló wo fóònù tirẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó." Mo ní mi ò jókòó. Ó ṣí wásáàpù hàn mí. Ìyá mi nìyẹn o! Aṣọ ìró wọn nìyẹn! Wọ́n tẹra mọ́ òwú, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè wo àwọn tó ń pariwo. Mo wá gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú fídíò náà tó ní, "Ẹ gbé táyà wá."

Ẹ̀yin ará mi, n ò mọ bí mo ṣe dórí ọ̀kadà. Mo sáà sọ fún ẹni tó gbé mi pé ìyá mi ni wọ́n fẹ́ jó ní Ṣakí. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ó ní, "Ẹ dì mí mú dáadáa." Àdúrà mi ò gùn. Èmi tí mo máa ń gbàdúrà tí àwọn ọmọ á fi sùn lọ! Mo kàn ń sọ pé, "Jésù, dúró tì í. Jésù, dúró tì í." Òun ni mo wí láti Àgọ́-Àmọ́dù títí a fi wọ ìlú.

Mo bá èrò bí eṣú. Táyà ti wà nílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Ìyá mi di òwú mú láàárín wọn. Ìyá Sùlìyá ló dúró síwájú Ìyá pẹ̀lú ṣíbí tó fi ń bu kókó lọ́wọ́, gèlè rẹ̀ ti tú, ó ń pariwo pé, "Ẹ kọ́kọ́ pa èmi! Lọ́lá Ọlọ́hun, ẹ kọ́kọ́ pa èmi ná!" Mo fi ìgúnpá la àárín wọn. Mo ní, "Ìyá mi ni! Ẹ dákun, ìyá mi ni!"

Ẹ ò rí i, mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ọ̀gá wọn kan tí wọ́n ń pè ní Mùfú wò mí tòkètilẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, ẹnìkejì rẹ̀ ti dé." Wọ́n já báàgì mi gbà. Mo fi fọ́tò hàn wọ́n, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló lè ní fọ́tò. Mùfú wá ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ìyá yín ni lóòótọ́, kí wọ́n pè yín lórúkọ. Kí ni wọ́n ń pè yín? Ẹ sọ ọ́ sí mi létí." Mo sọ sí i létí pé Àbẹ̀ní ni, ìyá mi ò pè mí ní Adéọlá rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Mo yíjú sí Ìyá, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, èmi rè é." Ìyá mi wò mí báyìí. Ojú tí wọ́n fi ń wo àlejò ni wọ́n fi wò mí. Wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó. N ò mọ̀ yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ òwú mi."

Haa! Èrò hó yèè! "Kò mọ̀ ọ́n! Kò mọ̀ ọ́n!" Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn bẹntiróòlù gba ibẹ̀ kan. Mo pe Ọlọ́run nínú mi. Mo ní, "Olúwa, ìyá mi ti gbàgbé mi, Ìwọ ò gbàgbé mi."

Ibẹ̀ ni mo wà tí ojú mi fi lọ sílẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ti ta èèkàn kan nípàá, òwú ibẹ̀ ti tú. Mi ò ronú, ẹ gbà mí gbọ́, ara mi ló ṣáà dìde. Mo yí òwú ká, n ò ré e kọjá, nítorí nílé wa, ẹni tó bá ré òwú Ìyá kọjá máa jẹ pàṣán. Mo gún èèkàn náà padà, mo mú orí òwú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ta á, bí mo ṣe ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo lọ, mo bọ̀. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ń kánjú, mo wá fa òwú náà le ju bó ṣe yẹ lọ.

Ni ìyá mi bá jágbe mọ́ mi, "Àbẹ̀ní! Má fà á le! Ó máa já! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa sọ fún ẹ?"

Ẹ yin Olúwa! Mo ní ẹ yìn ín! Mùfú gbọ́wọ́ sókè sí èrò. Ó tọ́ka sí mi, ó ní, "Orúkọ tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn." Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìyá mi, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ó ní, "Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?" Ìyá ní, "O ò rí i ni? Aṣọ ìyàwó ni. Àbẹ̀ní ń relé ọkọ ní Ṣakí, aṣọ rẹ̀ ò tíì tó. Ẹ̀yin ọmọkùnrin wọ̀nyí, ẹ kúrò lórí òwú ọmọ mi!"

Àwọn gẹ̀ǹdé yẹn gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òwú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì dé e padà. Mùfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ níwájú ìyá mi, Ìyá sì ń súre fún un, wọ́n ní á rí ìyàwó fẹ́. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ìyá Sùlìyá fi ìborùn rẹ̀ nu ojú mi, lòun náà bá bú sẹ́kún.

Nígbà tí a ń lọ sílé nínú ọkọ̀, Ìyá bi mí pé, "Ìlú wo la ti ń bọ̀?" Mo ní Ṣakí ni. Wọ́n ní, "Ará ibẹ̀ kì í kí ènìyàn. Àfi ìyá kan."

Wọn ò ní ebi pa àwọn. Wọn ò ní òjò pa àwọn. Ohun tí wọ́n rántí nìyẹn, wọ́n ti gbàgbé táyà, wọn ò gbàgbé pé ará ibẹ̀ ò kí wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lọ jẹ́ ẹ̀rí yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì tèmi n'Íṣẹ́yìn. Mo ní, rárá, ibi tí wọ́n ti jókòó ni mo máa ti dúpẹ́.

Ẹ wẹ̀yìn. Ẹ wo bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìyá tó wọ aṣọ òfì aláwọ̀ ẹtù yẹn nìyá mi. Ìyá Sùlìyá ló di ọwọ́ wọn mú yẹn, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi jókòó tì wọ́n, ó sì gbà. Géètì yín ṣí fún wọn lónìí, Ọlọ́run ṣeun.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ògo tí Ọlọ́run máa gbà níbí lónìí, kì í ṣe àtẹ́wọ́. Ẹ̀yin akọrin, ẹ dá orin sílẹ̀, kí gbogbo yín máa jó lọ sẹ́yìn, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ kí wọn. Ẹ ní, "Ẹ ẹ̀ jíire bí, Ìyá wa?" Wọ́n á dá yín lóhùn, ọlọ́yàyà ni wọ́n. Tí wọ́n bá sì bi yín pé ṣé aṣọ Àbẹ̀ní ti tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé ó ti tó.